Fọ́tò Èbúté Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Lọ́jọ́ tí a ń kun ilé ní Ìgbọ̀nà ni mo rí i,
lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn
tí kò sẹ́ni tó rántí yọ kúrò lára ògiri:
fọ́tò kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó dà bí omi ìṣanwọ́.
Ikán ti jẹ igun kan lọ.

Èbúté ni. Mo ka ọkọ̀ ibẹ̀, mẹ́tàlá.
Mo tún un kà, ó di mẹ́rìnlá,
ọ̀kan ló sá sábẹ́ òjìji èkejì.
Àwọ̀n wà lórí òpó, wọ́n ń gbẹ,
wọ́n rí jákujàku bí irun ẹni tó jí lójú oorun àìsàn.
Ilé dúró sórí ẹsẹ̀ igi.
Ajá kan mira nígbà tí wọ́n ń yà á,
ó di olórí méjì títí ayé.

“Ayétòrò nìyẹn,” ni Ìyá Àgbà wí,
kò gbójú kúrò lára ẹ̀gúsí tó ń bó.
Mo rẹ́rìn-ín. Ayétòrò tí èmi mọ̀ ní Òṣogbo níbí,
ilé epo ló wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe;
omi ibẹ̀ kò ju ti gọ́tà lọ.
Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín
lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè
pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan lórí.
Wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní Ayétòrò.
Ọmọdé kan fà mí lọ́wọ́, ó mú mi débẹ̀,
ó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà káfíńtà.
Mo jókòó lórí pákó tó fẹ́ fi kan pósí,
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.”

Bàbá àgbà mi, Gbàdéró, tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì,
ló wá a kàn nírọ̀lẹ́.

Ó mú àwọ̀n kékeré kan bọ̀ láti ilé.
Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbé e dé etí Ọ̀ṣun,
ó ti ká aṣọ sókè, ó ti fẹ́ jù ú,
nígbà tí àwọn tó ń pọnmi figbe ta:
ẹja ibí yìí, a kì í pa á!
Ọmọ Ikúẹ̀sán apẹja, tí ń fi ẹja ka ọjọ́,
ó dúró sínú odò tòun tàwọ̀n
bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání tí kò rí ilẹ̀kùn.
“Ẹja wá ń fẹnu kan ọrùn ẹsẹ̀ mi,” ó wí.
“Wọn ò sá. N kò rí irú rẹ̀ rí,
ẹja tí kò tí ì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù èèyàn.”
Àwọ̀n ọ̀hún ló fi ń bo òròmọdìyẹ títí ó fi já.

Mo bi í pé èwo ni ilé wọn.
Ó nu ọwọ́, ó fìka kan ibi tí ikán jẹ.
“Ibí.”
Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò rẹ̀ pè láti ọ̀hún:
òkun ti wọlé, ó ti gbé ibẹ̀ lọ, tòun ti ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.
Lọ́hùn-ún omi ló jẹ ẹ́, níhìn-ín ikán ni.
Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan sí i. Ó bó ẹ̀gúsí méjì, mẹ́ta,
ó ju èyí tó rà nínú wọn sí adìyẹ.

Mo gbé e lọ bá Mufútáù, tó ń ṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà ní Òkè-Fìà.
Ó ní òun á dí igun náà,
òun á fi ilé sí i, òun á fi igi àgbọn méjì sí i,
ojú ọ̀run á sì di búlúù.
Mo délé, mo ròyìn.
Ó ní, “Ilé ta ni yóò fi síbẹ̀?”

Gíláàsì nìkan la fi bò ó. A gbé e kọ́ sórí ọ̀dà tuntun.
Mo dúró síwájú rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà: mẹ́rìnlá.
“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni,” ó ké láti ẹ̀yìn mi.
Mo wá a títí. N kò rí i.
“Ìwọ ọmọ Òṣogbo yìí,
orí kí lo rò pé ẹni tó ń yà wá dúró lé láàárín omi?”